"Ìdí igi" tí a fi Látìn kọ́: ta ni lọ́yà wa fẹ́ bá sọ̀rọ̀?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì. Ọdún kejì mi ní yunifásítì ni, òfin àdéhùn la sì ń kọ́ lọ́jọ́ náà. Olùkọ́ wa kó ìwé ìdánwò dé, ó fa ọ̀kan yọ nínú ẹ̀, ó ní òun fẹ́ kà á sí wa létí. Ìbéèrè tó bi wá ni pé kí a ṣàlàyé "consideration". Ẹni tó ni ìwé yẹn kọ ojú ewé méjì gbáko pé bí èèyàn bá ń ṣe àdéhùn, ó yẹ kí olówó máa gba ti aláìní rò, kí ẹni tó ń tajà má sì ni ẹni tó ń rajà lára. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ní ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ló wá ṣe nídìí òfin, ṣé kò sí iṣẹ́ míì ni?

Mo mọ ẹni tó ni ìwé náà. Ọmọ Òkè-Ògùn ni, yàrá kan náà la jọ ń gbé. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo bi í pé, "Bó o bá ṣèlérí pé wàá fún mi ní fóònù rẹ lọ́fẹ̀ẹ́, tó o wá yí ohùn padà, ṣé mo lè gbé ọ lọ sí kóòtù?" Ó wò mí bíi pé orí mi ti yí. Ó ní, "Kí lo fún mi? Ẹ̀bùn ni mo fẹ́ ta ọ́, o ò rà á lọ́wọ́ mi. Ohun tí èèyàn ò fi nǹkan kan dí, kò lè fi ẹjọ́ gbà á."

Mo dákẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní "consideration" nínú òfin gan-an ló sọ yẹn. Ó yé e. Ó tiẹ̀ yé e ju èmi tí mo gba B lọ, torí pé ṣe lèmi há tèmi sórí. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ ọ ní sẹ́kọ́ńdìrì pé ìgbatẹnirò ló túmọ̀ sí, nígbà tó dé ẹnu lọ́yà, ó ti di nǹkan míì pátápátá. Kò sí ẹni tó sọ fún un.

Nígbà tí ọdún yẹn parí, ó kúrò ní ẹ̀ka òfin.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí ò lọ́jú pọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ òfin lórílẹ̀-èdè yìí, Gẹ̀ẹ́sì la ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò, a wá ń pè é ní òfin. Ìyà ẹ̀ kò sì mọ lórí akẹ́kọ̀ọ́. Ìyá, bàbá, alájàpá àti dẹ́rẹ́bà tó máa gbé ẹjọ́ wọn tọ lọ́yà yẹn wá lọ́la, àwọn náà máa jẹ níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa kọ́kọ́ sọ: "Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ta ló ní kó wá kọ́ òfin?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tí kò bá ní kírẹ́dìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì àti nínú Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò lè wọlé kọ́ òfin ní Nàìjíríà. Ó tún gbọ́dọ̀ ṣe Use of English ní JAMB. Nítorí náà, gbogbo ẹni tó bá jókòó sí kíláàsì yẹn ló ti yege Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n yege nínú ẹ̀ kọ́ ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ẹ wò ó: ní kóòtù, "party" kì í ṣe àríyá. "Action" kì í ṣe ti inú fíìmù. "Instrument" kì í ṣe gìtá tàbí dùùrù, ìwé ni. "Damages" kì í ṣe "damage" tó pọ̀, owó tí wọ́n ní kó o san fún ẹni tó o ṣe lọ́ṣẹ́ ni. Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìkòyí, tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń sunkún láti kékeré, òun náà máa kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èdè kan péré lòun ń kọ́ kún èyí tó ti mọ̀. Ọmọ Òkè-Ògùn ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́, ó tún ń kọ́ ti lọ́yà, Yorùbá ló sì ń fi ronú. Ẹ wá kó àwọn méjèèjì sí ìdánwò wákàtí mẹ́ta kan náà, ẹ ní ẹ fẹ́ mọ ẹni tó gbọ́ òfin jù.

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká rò pé àwa dúdú nìkan nirú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn ará England fúnra wọn jẹ ìyà yìí rí. Lẹ́yìn tí àwọn Norman gba ilẹ̀ wọn ní ọdún 1066, èdè Faransé ni ó wá gba àwọn kóòtù ńlá ibẹ̀, Látìn ni wọ́n sì fi ń kọ àkọsílẹ̀. Àgbẹ̀ tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́ á dúró bí igi, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa òun. Ní ọdún 1362 ni wọ́n tó ṣòfin pé kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì rojọ́, torí pé èdè Faransé ò yé àwọn ará ìlú. Ẹ mọ ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀? Faransé ni wọ́n fi kọ òfin yẹn fúnra ẹ̀. Látìn ò sì kúrò nínú ìwé kóòtù wọn títí di ọdún 1733. Gẹ̀ẹ́sì tí à ń fi halẹ̀ mọ́ ọmọ Òkè-Ògùn lónìí, àkókò kan wà tí wọ́n ní òun náà ò tó èdè tí wọ́n ń fi kọ òfin sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Bí wọ́n bá ń kọ́ni ní ogún pínpín, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ní ilẹ̀ wa tí kò ní pàdé ẹjọ́ Dawodu v. Danmole. Ará Èkó ni Suberu Dawodu, ó kú ní ọdún 1940, kò sì kọ wíìlì. Ìyàwó mẹ́rin ló bí ọmọ mẹ́sàn-án fún un. Ohun tó dìjà ni pé: ṣé ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n máa pín ogún sí, kí àwọn ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan mú ìpín kan, àbí ọ̀nà mẹ́sàn-án, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú tiẹ̀? Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé Privy Council ní London. Ní ọdún 1962, wọ́n ní àṣà Yorùbá tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni ti àkọ́kọ́, ìyẹn ìdí igi. Wọ́n ní bí ìjà bá wà lórí èyí tí wọ́n máa lò, olórí ẹbí lágbára láti ní kí wọ́n lo orí ò jorí.

Báwo ni wọ́n ṣe wá kọ́ wa? Wọ́n ní ìdí igi ni "per stirpes", orí ò jorí ni "per capita". Látìn ni méjèèjì! Mo jókòó, mo há Látìn sórí kí n lè mọ ohun tí ìdí igi jẹ́. Nígbà tí mo dé ilé lọ́lúdé, mo sọ ọ́ fún ìyá mi àgbà, tí kò ka ìwé kankan rí. Wọ́n ní, "Ìdí mẹ́ta la pín ilé bàbá wa sí ní tiwa. Ìdí tèmi ló kéré jù, torí àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀." Wọ́n wá wò mí lójú: "Ṣé ohun tí ẹ̀ ń san gbogbo owó yẹn fún nìyẹn?"

Ẹ̀gbọ́n, mi ò rí èsì fọ̀. Ìlà kan yẹn tí ìyá mi àgbà sọ nípa àwọn mẹ́fà tó wà ní ìdí kan ni àríyànjiyàn tó gbé ẹjọ́ Dawodu dé London. Bí olùkọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ pẹ̀lú wa, tó ní, "Ta ni wọ́n ti pín ogún nílé ẹ̀ rí? Ẹ sọ bí wọ́n ṣe pín in," kíláàsì yẹn ì bá gbóná. Ọmọ Òkè-Ògùn ì bá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n tó wá fi Látìn dé e lórí.

Ẹjọ́ míì tún wà. Olóyè Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, bá ìjọba fa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Apápá títí dé Privy Council. Ní ọdún 1920, Herbert Macaulay bá wọn lọ sí London, òun ni akọ̀wé, òun sì ni ògbufọ̀. Ní ọdún 1921, Olóyè borí. Àwọn adájọ́ náà tiẹ̀ ṣèkìlọ̀ níbẹ̀ pé kí èèyàn ṣọ́ra kó má máa fi ọ̀rọ̀ tó bá òfin Gẹ̀ẹ́sì mu nìkan wọn bí àwọn èèyàn ibòmíì ṣe ń ni ilẹ̀. Ẹ gbọ́ o: adájọ́ òyìnbó, ní London, ló sọ bẹ́ẹ̀ ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Àwa tí a ni ilẹ̀ àti èdè la ò tíì gbọ́.

Ibi tó kàn mí gan-an ni mo wá dé yìí.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà, mo ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kékeré kan. Màmá kan wọlé lọ́jọ́ kan, alájàpá ni wọ́n, wọ́n mú ìwé kan dání tí wọ́n ti tẹ̀ka sí nísàlẹ̀. Wọ́n bá ọmọ àbúrò wọn dúró níbi tó ti yáwó, ọmọ náà ti sá lọ, àwọn tó yá a lówó sì ti kọ lẹ́tà wá. Màmá bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé wọ́n lè torí èyí gba ṣọ́ọ̀bù mi?"

Mo ka ìwé náà. Gbogbo ẹ̀ ló yé mi. Ẹ bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì, màá kọ ojú ewé mẹ́wàá fún yín. Ṣùgbọ́n mo la ẹnu, Yorùbá ò jáde. Mo ń sọ pé, "Màmá, ẹ wò ó, ẹ ti guarantee é, so ẹ ti di liable, jointly and severally..." Màmá ń wò mí, wọ́n ń mi orí bí èèyàn ṣe ń mi orí fún dókítà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ò yé e. Bàbá akọ̀wé ọ́fíìsì wa, tí wọn ò kọjá sẹ́kọ́ńdìrì, ló gbójú sókè nídìí tábìlì wọn. Wọ́n ní, "Ìyá, onídùúró lẹ jẹ́. Bí ẹni tó yáwó bá sá, onídùúró ni wọ́n máa mú. Wọ́n lè ní kí ẹ san gbogbo ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò lè já wọ ṣọ́ọ̀bù yín lónìí, àfi kí kóòtù kọ́kọ́ dá a." Gbólóhùn mélòó ni? Màmá mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ó ti yé mi." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi wọ́n tẹ́lẹ̀: pé nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ka, kò sí ẹni tó ka ìwé náà sí wọn létí.

Ohun tó máa gbèjà wọn nìyẹn. Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé kà wà nílẹ̀ yìí. Ó ní ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara ẹ̀ sí i, kí ó sì ka ìwé náà, kí ó ṣàlàyé ẹ̀, kí onítọ̀hún tó tẹ̀ka. Ìyẹn ló wà nídìí "illiterate jurat" tí gbogbo lọ́yà mọ̀. Mo ti kọ́ òfin yìí, mo sì yege nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bàbá akọ̀wé ò bá lanu lọ́jọ́ yẹn, màmá á ti lọ sílé láìsọ ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù, torí pé lọ́yà wọn ò lè bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999. Abala 35 ní bí wọ́n bá mú èèyàn, kí wọ́n sọ ìdí ẹ̀ fún un láàárín wákàtí 24, ní èdè tó yé e. Abala 36 ní ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀sùn náà kúnnákúnná ní èdè tó yé e, kí wọ́n sì fún un ní ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí èdè kóòtù ò bá yé e. Abala 55 tiẹ̀ ní wọ́n lè fi Haúsá, Ígbò àti Yorùbá kún Gẹ̀ẹ́sì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ tí ètò bá ti wà fún un. Òfin fúnra ẹ̀ ti mọ̀ pé èdè tí ará ìlú ń sọ yàtọ̀ sí ti kóòtù. Ó ti gbé iṣẹ́ àlàyé lé wa lọ́wọ́. Ọdún márùn-ún la lò ní yunifásítì, a tún lọ sí Law School, ṣé ẹnì kan kọ́ wa níṣẹ́ yìí? Ní tèmi o, kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo.

Àwọn kan á ní, "Ọmọ Ígbò tó wà ní kíláàsì ńkọ́? Ọmọ Tiv ńkọ́?" Ìbéèrè tó dáa ni. Mi ò ní kí wọ́n máa fi Yorùbá nìkan kọ́ òfin. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ilé ẹjọ́ gíga wa, ẹni tí kò bá sì gbọ́ ọ dáadáa kò lè ṣe lọ́yà níbẹ̀. Ohun tí mo ní ni pé kí wọ́n jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èdè tó bá ní dé ibi tí Gẹ̀ẹ́sì wà. Ohun tó máa wúlò fún ọmọ Òkè-Ògùn ní Ìbàdàn máa wúlò fún ọmọ Ígbò ní Nsukka àti ọmọ Haúsá ní Zaria.

Àwọn míì á ní Yorùbá ò ní ọ̀rọ̀ fún òfin. Àdéhùn ńkọ́? Onídùúró, ìdógò, ẹlẹ́rìí, olùpẹjọ́, olùjẹ́jọ́? Èyí tí a ò bá sì ní, ẹ jẹ́ ká yá a. Ọ̀dọ̀ Faransé ni Gẹ̀ẹ́sì ti yá "plaintiff" àti "mortgage". Ní Kánádà, ní ọdún 1978, Yunifásítì Moncton bẹ̀rẹ̀ sí í fi Faransé kọ́ òfin tí Gẹ̀ẹ́sì bí. Wọ́n jókòó, wọ́n wá ọ̀rọ̀ sí i, wọ́n sì ń kọ́ ọ títí dòní. Ní Tanzania, ní ọdún 2021, wọ́n ṣòfin pé Kiswahili ni kó máa jẹ́ èdè òfin àti èdè kóòtù.

Àwọn kẹta ló pọ̀ jù. Wọ́n ní bí a bá gba èdè abínibí láàyè, Gẹ̀ẹ́sì ọmọ wa á bàjẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti dán èyí wò láti ọdún 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì dáadáa bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké. Bó bá jẹ́ pé ohun tí a fẹ́ ṣe láti ìsàlẹ̀ nìyẹn, ó túmọ̀ sí pé àwọn tó ń bọ̀ wá kọ́ òfin lọ́la á tún ṣòro fún láti bá màmá alájàpá sọ̀rọ̀ ju èmi lọ.

Kí ni mo wá fẹ́? Nǹkan mẹ́rin péré, kò sì sí èyí tó máa ná wa lówó rẹpẹtẹ níbẹ̀.

Èkíní, kí wọ́n kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní Gẹ̀ẹ́sì òfin gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́. Kì í ṣe "noun" àti "verb" tí gbogbo ẹ̀ka ń ṣe. Kí wọ́n mú "party", "action", "consideration", kí wọ́n sọ ohun tó yí padà nínú wọn.

Èkejì, bí wọ́n bá ń máàkì ìdánwò, kí wọ́n ya máàkì òfin sọ́tọ̀ kúrò lára ti gírámà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ èyí tó gbé òun ṣubú.

Ẹ̀kẹta, ilé ìwé tó bá ní ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gba ará ìlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n máa fún wọn ní máàkì fún àlàyé tí wọ́n bá ṣe ní èdè oníbàárà. Ìwé àdéhùn kan, ìṣẹ́jú márùn-ún, láìpe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan. Ẹ ó rí i pé ẹni tó gbọ́ òfin yẹn gan-an á fara hàn.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbangba mọ́. Ẹ ò mọ ẹni tí ẹ̀ ń lé lọ.

Kí n tó kọ èyí, mo pe ọ̀rẹ́ mi. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sì tọrọ àforíjì pé mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò mọ̀ pé mo wà lára wọn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Kọ ọ́. Ṣùgbọ́n má dárúkọ mi o, ìyàwó mi ò mọ̀ pé mo ka òfin rí."

Ìwọ tó ń ka èyí lórí fóònù, tó o jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ìwọ náà ní iṣẹ́ kan. Pe ìyá rẹ tàbí bàbá rẹ lálẹ́ òní. Mú orí kan nínú ohun tí wọ́n kọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí, kó o ṣàlàyé ẹ̀ fún wọn ní èdè tí ẹ jọ ń sọ nílé. Ibi tó o bá ti kálòlò, padà lọ ka ibẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó má tíì yé ọ.